Ẹ jọ máa jẹun, ẹ má jọ lo abẹ

Arábìnrin mi tó ń béèrè bóyá ẹ ṣì lè bá ọkọ yín jẹun nínú abọ́ kan náà nítorí hepatitis C (àrùn ẹ̀dọ̀ tí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ń fà) tó wà lára wọn, àti bóyá abẹ́rẹ́ àjẹsára wà: ẹ jẹun yín. Kì í ràn nínú oúnjẹ, kì í ràn nínú omi, dídìmọ́ra kò sì lè kó o ranni. Ẹ̀jẹ̀ ló ń bá rìn: abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti fi gún ẹlòmíì, irin iṣẹ́ ilé ìwòsàn tí wọn ò sè dáadáa, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fín ara, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà síni lára láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Àyẹ̀wò gan-an ni kí ẹ lajú sí. Nígbà tí èmi náà ṣe é, nọ́ọ̀sì tó fún mi ní èsì fi bírò fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan lórí ìwé, ó ní "ó ti wà lára yín o," ló bá pe ẹni tó kàn. Dókítà wá ń bi mí lójú gbogbo èrò bóyá mo máa ń gún oògùn olóró. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé àyẹ̀wò yẹn kì í wá kòkòrò náà rárá. Ọmọ ogun tí ara kó jọ láti bá a jà ló ń wá, àwọn yẹn kì í sì í sábà kúrò, kódà bí àrùn bá ti lọ. Ó tó nǹkan bí ẹni 3 nínú 10 tí ara wọn máa ń lé e jáde láàárín oṣù 6. Àyẹ̀wò RNA, tó ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ló ń sọ bó bá ṣì wà. Ẹkún tí mo sun kí wọ́n tó ṣe é fún mi kò kéré. Nígbà tí mo lo oògùn tí mo sàn, dókítà mìíràn tún rí ọmọ ogun wọ̀nyẹn, ó ní àrùn ti padà! Mo ní kó ṣe RNA. Kò rí nǹkan kan.

Oògùn ẹ̀ rọrùn: hóró ni, ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, ó ń wo ju 95 nínú 100 sàn. Ẹ má dá àwọn tó ń ta oògùn "ìfọ̀dọ̀" lóhùn. Ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàìsàn ni wọ́n fẹ́ dà á lé.

Àjẹsára kò sí fún C. Ti A àti B ló wà, kí ọkọ yín gba ti B. Kí kálukú ní abẹ ìfárungbọ̀n, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti ohun ìgékánná tirẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ pàápàá ṣì lè kó o ranni. Láàárín tọkọtaya, kì í sábà ràn, àmọ́ kí ẹ̀yin náà yẹ ara yín wò. Ẹni tó ti sàn lè tún kó o. Bí wọ́n bá yẹ̀ yín wò, ẹ gba ìwé èsì dání. Wọ́n máa ń sọ ọ́ nù.