Ìdí tí àwọ̀ kò fi dé ẹ̀yìn kíndìnrín

Ẹ ní ẹ ra kíndìnrín ewúrẹ́ lọ́wọ́ alápatà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ fi abẹ́rẹ́ ti àwọ̀ pupa wọ inú rẹ̀ kí ẹ lè rí ojú ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, nígbà tí ẹ là á, àárín nìkan ni àwọ̀ kó jọ sí. Òpó ìtọ̀ lẹ ki abẹ́rẹ́ bọ̀, iṣan àlọ ló sì yẹ kó jẹ́. Ohun mẹ́ta ló wà níbi tí kíndìnrín ti kó sínú: iṣan àlọ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ọkàn, iṣan àbọ̀ tó ń gbé e padà, àti òpó ìtọ̀. Ara iṣan àlọ nípọn. Bí ẹ bá gé e, ẹnu rẹ̀ máa ń là sílẹ̀ róbótó. Iṣan àbọ̀ fẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹnu rẹ̀ a máa pa pọ̀ pẹlẹbẹ. Òpó ìtọ̀ funfun, ó tín-ín-rín, ọ̀nà ìrù ẹran ló máa ń forí lé. Tí alápatà bá ti gé gbogbo wọn mọ́ ara kíndìnrín, iṣẹ́ ti bàjẹ́ kí ẹ tó kúrò nídìí tábìlì rẹ̀.

Ẹ bá a sọ̀rọ̀ kó tó tú inú ẹran. Kó má fọwọ́ já kíndìnrín kúrò nínú ọ̀rá. Kó gé e tọ̀rátọ̀rá, pẹ̀lú iṣan ńlá tó wà lábẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, bí ìbú ìka mẹ́rin. Kó so òwú mọ́ ti òsì. Ti ọ̀tún wọ kòtò kan lára ẹ̀dọ̀, kì í mì púpọ̀. Ti òsì ń fì dirodiro, bí ṣàkì bá kún, á tì í kọjá sí apá ọ̀tún. Ẹni tí kò so òwú á máa méfò lẹ́yìn tí wọ́n bá kó ìfun jáde.

Ẹ tún béèrè bóyá ti màálù lè dípò ti ẹranko tí òyìnbó ń pè ní deer, èyí tí ẹ pè ní àgbọ̀nrín. Rárá o. Ti màálù rí kókó-kókó lójú òde. Ti ewúrẹ́ àti àgùntàn dán, ó rí bí ẹ̀wà, bẹ́ẹ̀ náà ni ti deer. (Àgbọ̀nrín tiwa kì í ṣe deer gan-an, bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀: ìwo akọ deer máa ń já bọ́ lọ́dọọdún tí òmíràn á hù, ti àgbọ̀nrín wà títí ó fi kú.) Ewúrẹ́ ni kẹ́ ẹ lò. Òfin kò gba ọdẹ láàyè nínú ọgbà Old Oyo National Park, ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ti yan lójú ọ̀nà kò sì wúlò fún èyí.

Ìka ni kẹ́ ẹ fi yọ ọ̀rá, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ẹ ki cannula (ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń gbé dírípù wọ iṣan) aláwọ̀ ewé, nọ́ńbà 18, bọ iṣan àlọ, kí ẹ fi òwú dè é lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá wọlé jù, á kọjá ibi tí iṣan ti pín sí méjì, ìdajì kíndìnrín kò sì ní gba nǹkan kan. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa, ẹran mìíràn ní iṣan àlọ méjì lápá kan.

Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ jáde, omi lásán sì ni ọ̀tá. Ó ń mú kí ara kíndìnrín wú, ìwú náà á sì fún àwọn iṣan kéékèèké pa. Ohun tí ẹ ó fi fọ̀ ọ́ ni iyọ̀ gíráàmù 9 nínú omi lítà 1, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, láàárín wákàtí mẹ́ta tí wọ́n pa ẹran. Ẹ gbé àpò dírípù kọ́ sókè, bíi mítà 1.3 sí kíndìnrín. Agbára rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí ọkàn fi ń ti ẹ̀jẹ̀, bíi 100 mmHg (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀). Ẹ jẹ́ kó máa ṣàn títí omi tó ń ti iṣan àbọ̀ jáde á fi mọ́, tí kíndìnrín á sì ṣá. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá dì sí ni àwọ̀ yóò dúró sí.

Àwọ̀ oúnjẹ kò dáa: ó ń yọ gba ara iṣan jáde, gbogbo rẹ̀ á kàn pọ́n láìsí ojú ọ̀nà kankan. Ọ̀dà ògiri pupa, irú tí wọ́n ń fomi pò, ìdajì ọ̀dà ìdajì omi, kí ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Síríǹjì 20 ml ni kẹ́ ẹ fi tì í, díẹ̀díẹ̀; kékeré 2 ml yẹn, bí àtàǹpàkò bá le díẹ̀, iṣan á bẹ́. Tí àmì pupa wínníwínní bá ti ń yọ lábẹ́ awọ fẹ́lẹ́ tó bo kíndìnrín, ẹ dáwọ́ dúró, kódà bí síríǹjì ò tíì tán. Lẹ́yìn náà, ẹ rì í sínú formalin (oògùn olóró tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà) fún ọjọ́ méjì, apá 1 sí omi apá 9, ní gbangba, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́.

Ẹ là á láti ẹ̀yìn tó yọ síta wá síbi tó kó sínú. Ẹ̀ka iṣan kan ń bọ́ ìhà ọ̀pá ẹ̀yìn, èkejì ń bọ́ ìhà ikùn, ààlà wọn sì wà nítòsí ibẹ̀, ọ̀bẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ gé iṣan ńlá. Ojú ibi tí ẹ là á fi apá òde tó pọ́n gan-an hàn, àti apá inú tó rọra pọ́n. Láàárín wọn, iṣan kan tẹ̀ bí ọrun, àwọn tín-ín-rín sì dìde lára rẹ̀ lọ síta, wọ́n tò bí eyín òòyà. Wọn kì í pàdé ara wọn. Ẹ mú kíndìnrín kejì, kí ẹ so ẹ̀ka kan ṣoṣo pa kí ẹ tó ti ọ̀dà wọlé: apá kan á ṣẹ́kù láìpọ́n, ó fẹ̀ lóde, ó ṣóńṣó nínú. Lára kíndìnrín mìíràn lórí tábìlì alápatà, ẹ ó rí ibi tó jìn wọnú bí ẹni pé wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀ka kan ti dí nígbà tí ẹran ṣì wà láàyè. Ẹ má ra irú rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí.