Kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú abẹ CS: ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gé e?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. CS ni mo fi bí àwọn ìbejì mi, ó ti lé lọ́dún 2 báyìí. Kókó kan wá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú abẹ náà, ó le bí òkúta, kì í dùn mí púpọ̀ àmọ́ ó ń tóbi sí i. Ìyá ọkọ mi ní fibroid ni, nọ́ọ̀sì àdúgbò wa ní ọ̀rá lásán ni, pé òun á gé e kúrò kíá. Ṣé kí n gbà? Ìyá Ìbejì, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi abẹ kàn án báyìí. Fibroid kọ́ nìyẹn, ilé ọmọ ni fibroid máa ń wà, ọ̀rá náà sì máa ń rọ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá wúkọ́ ló ń yọ, tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀ ó wọlé padà, ìpá nìyẹn, tó bá sì jẹ́ ìgbà nǹkan oṣù ló máa ń wú tó ń dùn, a jẹ́ pé ẹran inú ilé ọmọ ló lọ hù sójú abẹ. Ẹ ò sọ ìkankan nínú méjèèjì, ìyẹn ni ọkàn mi ṣe lọ sí irú kókó kan tí wọ́n ń pè ní desmoid. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, àmọ́ obìnrin tó bímọ láìpẹ́ ló sábà máa ń mú níbi iṣan ikùn, ó sì máa ń yọ lójú abẹ. Kì í fò lọ sí ẹ̀dọ̀fóró bíi jẹjẹrẹ, ibi tó wà náà ló ti máa ń ta gbòǹgbò wọnú iṣan, tí wọ́n bá kàn gé orí ẹ̀ á tún hù ni. Mo ti rí obìnrin tí wọ́n gé tiẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọn ò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí lábù rárá, ó ṣì ń dùn mí dòní. Tó bá wá lọ jẹ́ jẹjẹrẹ iṣan gidi ńkọ́, torí wọ́n jọra lójú, irú gígé bẹ́ẹ̀ á tú u ká.

Ẹ lọ sí ọsibítù ńlá, OAUTHC ní Ifẹ̀ ò jìnnà sí yín. Wọ́n á ṣe síkáànù, bóyá MRI náà, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ tó nípọn bu ẹran díẹ̀ níbẹ̀ lọ sí lábù. Tí jẹjẹrẹ ìfun bá ti mú ẹnì kan nínú ẹbí yín lọ́jọ́ orí kékeré, ẹ sọ fún wọn, torí desmoid máa ń bá irú ẹbí bẹ́ẹ̀ rìn nígbà míì.

Tó bá wá jẹ́ desmoid lóòótọ́, ẹ má bẹ̀rù tí dókítà bá ní ká ṣì máa wò ó ná, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn báyìí, àwọn kan máa ń dúró, àwọn míì á tiẹ̀ sún kì fúnra wọn. Èyí tó bá ń dàgbà ni wọ́n máa ń lo oògùn bíi sorafenib fún (nirogacestat tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023 náà wà, àmọ́ ó wọ́n gan-an), tàbí kí wọ́n gé e tán pẹ̀lú iṣan tó yí i ká, kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì dí ojú ihò, ti ara ikùn sì máa ń ṣeé gé dáadáa ju tibòmíì lọ. Tẹ́ ẹ bá ń gbèrò oyún míì, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà mọ̀, torí oyún lè mú kó yára dàgbà. Ẹ gba ẹ̀dà èsì lábù yẹn sọ́wọ́ o, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí mi tó bá jáde.