Ṣé jẹ̀díjẹ̀dí ni, àbí ìdí ló yọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ẹni ọdún 58 ni mí, ọmọ mẹ́fà ni mo bí. Bí mo bá gbé ẹrù lọ́jà, nǹkan kan máa ń yọ lójú ara mi. Bí mo bá dùbúlẹ̀, á padà wọlé. Láti bí ọdún méjì, nǹkan mìíràn tún ń yọ ní ihò ìdí tí mo bá ń yàgbẹ́, ọwọ́ ni mo fi ń tì í padà. Wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, mo sì ti mu àgbo títí ó fi sú mi. Ṣé dandan ni iṣẹ́ abẹ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, Mà. Ọ̀rọ̀ yín ká mi lára, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá ló ń fi ìtìjú bo irú èyí mọ́ra fún ọdún pípẹ́.

Ohun tó ń yọ lójú ara lè jẹ́ ilé-ọmọ, ó lè jẹ́ àpò ìtọ̀ tàbí ìfun ló ń ti ògiri ojú ara bọ̀ síta. Iṣan tó gbé wọn dúró ló ti dẹ̀: ìbímọ léraléra, ẹrù wíwúwo, ikọ́ tí kò lọ, ìgbẹ́ líle, nǹkan oṣù tó ti dáwọ́ dúró. Iṣan yẹn náà ló ń ran ìfun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́, ìyẹn ni méjèèjì fi lè yọ lára ẹnì kan.

Jẹ̀díjẹ̀dí tó bá yọ síta máa ń rí kókó kókó, àlàfo á wà láàárín wọn. Ìfun tó bá gba ihò ìdí yọ, èyí tí à ń pè ní ìdí yíyọ, ṣe ló ń yí po bí òrùka, ihò á sì wà láàárín rẹ̀. Kò sí àgbo tó lè dá a padà sáyè rẹ̀ lára àgbàlagbà.

Tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, tí ẹ dùbúlẹ̀, gbogbo rẹ̀ lè ti wọlé, kí dókítà má rí nǹkan kan. Ẹ ní ẹ fẹ́ lóṣòó, kí ẹ ṣe bí ẹni ń yàgbẹ́ kí wọ́n tó wò ó. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ nílé. Ó yẹ kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú ìfun ńlá pẹ̀lú, kó má lọ jẹ́ pé jẹjẹrẹ fara pamọ́ síbẹ̀.

Ká ní ojú ara nìkan ni, òrùka rọ́bà tí à ń fi síbẹ̀ láti gbé ilé-ọmọ dúró ni ǹ bá ní kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Ìdí tó yọ kò gba òrùka, iṣẹ́ abẹ ló gbà. Wọ́n lè gba inú ikùn fa ìfun sókè, kí wọ́n so ó mọ́ egungun ẹ̀yìn ìbàdí, kí wọ́n sì so ilé-ọmọ mọ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ ni wọ́n á gbà. Ìyẹn rọ ara lọ́rùn, àmọ́ ìfun sábà máa ń tún yọ lẹ́yìn rẹ̀ ju ti inú ikùn lọ. Èyí ó wù kí wọ́n ṣe, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà kí wọ́n tún ẹyọ kan ṣe kí wọ́n fi èkejì sílẹ̀. Kí dókítà àwọn obìnrin àti dókítà ìfun jọ yẹ̀ yín wò kí wọ́n tó dá ọjọ́.

Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa lo àwọ̀n, ìyẹn ohun oníhò bí aṣọ tí wọ́n ń rán sínú ara láti gbé ohun tó yọ dúró. Èyí tí wọ́n ń gba ojú ara tẹ́ síbẹ̀ ni FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn àti ohun èlò ìwòsàn, dá títà rẹ̀ dúró ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹrin ọdún 2019. Àṣẹ yẹn kò kan èyí tí wọ́n ń gba inú ikùn rán.

Ẹ ti wá ẹni tí yóò máa bá yín gbé ẹrù lọ́jà sílẹ̀, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ìdí yọ, tí kò wọlé mọ́, tó ń dúdú tàbí tó ń ro yín gidigidi, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá dá ọjọ́.