Orílẹ̀-èdè Áfíríkà, ṣé 54 ni àbí 55? Àti ìdí tí wọn kì í fi í ka ọmọ fún ọlọ́mọ

Ẹ okun o, gbogbo ilé. Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n wa obìnrin láti Kàbà ni mo fẹ́ dáhùn, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tún un sọ fún ẹni tí ò bá rí i. Wọ́n ní ọmọ àwọn kọ 54 sínú ìdánwò pé iye orílẹ̀-èdè tó wà ní Áfíríkà nìyẹn, tísà fi bírò pupa fagi lé e, ó ní 55 ni, ọmọ bá sunkún délé. Ìyá àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣa ẹ̀wà gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó ní "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ta ló wá ní kí wọ́n lọ máa ka ìlú onílùú?" Ẹ̀gbọ́n wá ní kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣàlàyé èwo ló tọ̀nà, kí ni orílẹ̀-èdè gan-an túmọ̀ sí, àti pé ṣé ọ̀rọ̀ ìyá yẹn bá ibẹ̀ mu àbí ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi rẹ ọmọ yẹn lẹ́kún. Kò kùnà. Tísà náà ò parọ́ o, àṣìṣe tiẹ̀ ni pé kò sọ ìwé ta ni ká wò nígbà tó ń béèrè.

Tó bá jẹ́ ìwé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìyẹn UN, 54 ni. Gbogbo ayé tó wà nínú àjọ yẹn jẹ́ 193, 54 nínú wọn ló wá láti Áfíríkà. 53 ló wà tẹ́lẹ̀, ìgbà tí Gúúsù Sùdáànì kúrò lára Sùdáànì ní July 9, 2011 ni wọ́n di 54, torí náà ẹni tó ka ìwé tó ti pẹ́ lè sọ pé 53 kó sì máa jà lé e lórí, òótọ́ ìgbà ayé ìwé yẹn ló ń sọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìwé AU, àjọ àwa Áfíríkà fúnra wa tí olú ilé ẹ̀ wà ní Addis Ababa, 55 ni. Ẹnì kan tó wà níbẹ̀ tí kò sí ní UN ni ìjọba àwọn Sàháráwì, àwọn èèyàn Sàhárà Ìwọ̀-Oòrùn.

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, torí àwọn èèyàn máa ń sọ ọ́ bíi pé ènì ni 55 yẹn, bí ìgbà tí ìyá ọlọ́jà bá wọn gaàrí tán tó tún bu díẹ̀ lé e. Kì í ṣe ènì rárá. Sípéènì ló ń ṣèjọba lé ilẹ̀ yẹn lórí, nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ ní 1975 sí 1976, Mòrókò ní ilẹ̀ àwọn ni, àwọn ọmọ ibẹ̀ tó ń jà lábẹ́ ẹgbẹ́ ajàjàgbara tí wọ́n ń pè ní Polisario ní rárá o, wọ́n sì kéde ìjọba tiwọn ní February 27, 1976. OAU, ìyẹn àjọ tó wà kó tó kan AU, gbà wọ́n wọlé ní 1982, inú bí Mòrókò ó jáde ní 1984, kò padà wá àfi 2017. Ní báyìí àwọn méjèèjì jọ ń jókòó nínú ilé kan náà, ọ̀kan ń sọ pé ara òun ni ìkejì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Sàháráwì sì wà nínú àgọ́ àwọn tó sá fógun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tindouf ní Algeria láti ìgbà yẹn títí di òní, wọ́n bímọ síbẹ̀, ọmọ tún ti bímọ síbẹ̀. Nítorí náà tí ọmọ yín bá rí 54 àti 55, kó mọ̀ pé èèyàn ló wà nínú ẹyọ kan tó ṣẹ́ kù yẹn.

Ẹ tún fẹnu pe nọ́ńbà méjèèjì lédè wa ẹ máa gbọ́ nǹkan. 54 ni mẹ́rìnléláàádọ́ta, àádọ́ta tí mẹ́rin gun orí ẹ̀. 55 ni márùndínlọ́gọ́ta, ọgọ́ta tí márùn-ún ti dín kúrò lára ẹ̀. Àárín 54 sí 55 yẹn gan-an ni òǹkà Yorùbá ti máa ń yíjú padà, tó fi ẹ̀yìn sí àádọ́ta tó kọjú sí ọgọ́ta. Àádọ́ta fúnra ẹ̀, ọgọ́ta dín mẹ́wàá ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ò lè ka èyí mọ́, fífitì-fáìfù ni wọ́n mọ̀, ó sì máa ń dùn mí gan-an, torí àwọn ìyá wa tí ò wọ súkúù rí fi òǹkà yìí ka owó ẹyọ títí dé ọ̀kẹ́, ìyẹn 20,000, láìfi bírò kan ìwé.

Ó ku ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè fúnra ẹ̀. Orílẹ̀ nìkan, ibi tí ìran èèyàn ti ṣẹ̀ wá ni. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é nínú oríkì, oríkì orílẹ̀, ti ọmọ Olúkòyí yàtọ̀ sí ti ọmọ Ọ̀pómúléró. Tí àgbà bá bi yín pé kí ni orílẹ̀ yín, kì í ṣe pásípọ́ọ̀tù ló ń bi yín. Ẹ wá so èdè mọ́ ọn, ó di àwọn tí ìran wọn àti èdè wọn pa pọ̀. Bíbélì Yorùbá náà lò ó bẹ́ẹ̀, níbi tí Jésù ti ní kí wọ́n lọ kọ́ orílẹ̀-èdè gbogbo, kì í ṣe àwọn tó ní àsíá àti ààrẹ ló ń bá wí, àwọn ìran èèyàn ni.

Torí náà tó bá jẹ́ ìtumọ̀ yẹn la fẹ́ fi ka Áfíríkà, 54 kọ́, 55 kọ́, á lé ní 1000. Nàìjíríà nìkan, èdè tó wà níbẹ̀ ju 500 lọ. Ipínlẹ̀ Kogi tiwa yìí nìkan, Ígálà wà ńbẹ̀, Ẹ̀bìrà wà ńbẹ̀, Nupe wà ńbẹ̀, Bassa wà ńbẹ̀, àwa Okun tá a jẹ́ Yorùbá náà wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti rìn, ohun tí gbogbo wa ń pè ní orílẹ̀-èdè lónìí ni ilẹ̀ tó ní ìjọba tiẹ̀ àti ààlà tiẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgọ́rùn-ún èdè ló wà nínú ẹ̀. Àwọn àgbà ò tiẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀, ìlú Gánà ni wọ́n ń wí, ìlú òyìnbó, ilẹ̀ Faransé.

Ààlà yẹn ló sì ń fa gbogbo wàhálà òǹkà. Àwọn òyìnbó jókòó ní Berlin láti 1884 sí 1885, wọ́n fi òfin lélẹ̀ lórí bí wọ́n á ṣe máa pín Áfíríkà láàárín ara wọn, kò sí ọmọ Áfíríkà kankan lórí ìjókòó, ìlà tí wọ́n fà lẹ́yìn ìyẹn ló gé Kétu àti Sábẹ kúrò lára wa tí wọ́n fi wà ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Nígbà tí a gbòmìnira, ọdún 1960 nìkan, 17 ló gbà á, àwọn olórí wa wá ní 1964 ní Cairo pé kí kálukú fara mọ́ ààlà tó bá nílẹ̀, torí tí wọ́n bá ní kí wọ́n máa tún un fà, ogun ò ní tán. Ìlà Sípéènì yẹn ni Sàháráwì náà dìmú. Sòmálílándì náà ń di ìlà tiwọn mú, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì fún wọn lómìnira ní June 26, 1960, ọjọ́ márùn-ún péré ni wọ́n fi dá dúró kí wọ́n tó dara pọ̀ mọ́ Sòmálíà ní July 1, wọ́n tún ní àwọn kúrò ní 1991, wọ́n ní owó tiwọn, wọ́n ń dìbò, síbẹ̀ kò sí nínú 54 kò sì sí nínú 55. Erékùṣù Réunion wà nítòsí Madagásíkà, owó euro ni wọ́n ń ná níbẹ̀ torí ti Faransé ni. Àwọn ọmọ tó ń wo bọ́ọ̀lù náà mọ̀ pé 211 ni FIFA ń kà lágbàáyé nígbà tí UN ń ka 193. Gbogbo ẹni tó bá ń kà ló ní ìwé tiẹ̀.

Ẹ má wò ó jìnnà, àwa Okun fúnra wa ńkọ́? Tí wọ́n bá bi yín pé Okun mélòó ló wà, márùn-ún lẹ máa sọ, Yàgbà, Ìjùmú, Owé, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀. Ẹ wá lọ wo ti gọ́ọ́mẹ́ntì. Yàgbà ti di mẹ́ta, East, West àti Mopamuro. Owé àti Bùnú wà nínú lókà gọ́ọ́mẹ́ntì kan ṣoṣo. Ìjùmú dá ní tiẹ̀. Ọ̀wọ́rọ̀ wà lábẹ́ Lọ́kọ́ja. Márùn-ún ti di mẹ́fà, kò sì sí ìkankan tó jẹ́ irọ́. Okun tí wọ́n tiẹ̀ ń pè wá yìí, kíkí ẹnu wa ni, èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn bàbá wa sùn sí Kwara, wọ́n jí sí Kogi ní August 27, 1991, ilé wọn ò sún kúrò lójú kan.

Ní ti ọ̀rọ̀ ìyá àgbà, òtítọ́ tó jinlẹ̀ ni wọ́n sọ. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, kì í ṣe pé Yorùbá ò mọ òǹkà, wọ́n ń ka iṣu, wọ́n ń ka owó. Èèyàn ni wọn kì í nàka sí lórí kí wọ́n máa ní ọ̀kan, èjì. Ẹni tó ń kà ò mọ èyí tó kú, kò mọ èyí tí ìyá ẹ̀ ṣì ń retí, nọ́ńbà tó bá pè lè ta sí ojú ọgbẹ́. Àwọn kan tún ń bẹ̀rù ojú ayé àti ẹnu ayé. Àwa ọmọ ìjọ sì mọ ohun tó tẹ̀yìn ìgbà tí Dáfídì ka Ísírẹ́lì jáde, 70,000 èèyàn ló kú.

Ọdún 2006 tí wọ́n ṣe ìkànìyàn, mo tẹ̀lé àwọn tó ń kà á wọ abúlé kan ní apá Ìjùmú torí mo gbọ́ èdè ibẹ̀. Ìyá kan jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀, ọmọkùnrin tó mú fọ́ọ̀mù dání bi í pé ọmọ mélòó ni wọ́n ní nílé. Ìyá ò dá a lóhùn. Ó tún un bi. Mo bá ní "Ìyá, ẹ bá wa pe orúkọ àwọn ọmọ yín, ká lè máa kí wọn." Ojú ìyá là. Ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọkùnrin yẹn ń fa igi kéékèèké sí etí fọ́ọ̀mù, ó fa mẹ́fà. Orúkọ ìkeje jáde, ohùn ìyá rẹlẹ̀, ó fi etí ìró nu imú. Ọmọkùnrin náà ti gbé bírò, mo fọwọ́ kan apá ẹ̀, ó sì gbé e sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìyá àgbà bá ti orílẹ̀-èdè mu dáadáa. Ẹni tó bá ka Sàháráwì mọ́ Mòrókò ti ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹni tó bá sì yọ wọ́n, ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ náà lójú ẹlòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo máa bẹ̀ yín kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ rọra lọ bá tísà, ẹ má bá a jà, ẹ ní kó jọ̀ọ́ kó máa fi UN tàbí AU sínú ìbéèrè. Ní ti ọmọ, tó bá fẹ́ mọ gbogbo wọn sórí, apá márùn-ún ni AU pín Áfíríkà sí, bí Okun ṣe jẹ́ márùn-ún: àríwá 7, ìwọ̀-oòrùn 15, àárín 9, ìlà-oòrùn 14, gúúsù 10. Apá tiwa ni kó ti bẹ̀rẹ̀, Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà, kó máa bá etí òkun lọ títí dé Sẹ̀nẹ̀gàl, kó wá yà sí Málì, Burkina Faso àti Niger, àwọn yẹn ti kúrò ní ECOWAS, àjọ apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti January 2025 ṣùgbọ́n wọn ò kúrò ní AU. Kó má gbàgbé Cape Verde tó wà láàárín omi. Ẹ jẹ́ kó máa pè é sókè lálẹ́ níbi tí ìyá àgbà bá jókòó sí, ìyá ò ní bá a wí, orúkọ ló ń pè.