Kọ̀ǹpútà mi ń fà bí ìgbín: ṣé káàdì ni kí n rà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú ni mò ń ṣe n'Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. HP tòkunbọ̀ pẹlẹbẹ ni mò ń lò: processor Core i5-8500, RAM 8GB ẹyọ kan, hard disk 1TB. Bí mo bá ti ṣí iṣẹ́ nínú Premiere tí mo fi ń gé fídíò, ó di kó máa fà bí ìgbín. Ọ̀rẹ́ mi ní káàdì gíráfíìsì ńlá ni kí n rà. Owó ọwọ́ mi ò pọ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè kó o tó náwó. Má tíì ra káàdì kankan. Ṣí iṣẹ́ rẹ, tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kó o lọ sí Performance. Máa wo CPU (processor), Memory (RAM) àti Disk (hard disk) bí ẹ̀rọ náà ṣe ń fà. Pẹ̀lú ohun tó o kọ yìí, mo gbà pé Disk ni yóò kọ́kọ́ kan 100%, nígbà tí CPU ò ní tíì dé ìdajì. Processor rẹ ń dúró ni, kò rẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Èkìtì ni wá, jẹ́ kí n fi iyán ṣàlàyé. Processor ni ẹni tó di ọmọ odó mú. RAM ni odó. Hard disk ni ìkòkò iṣu lórí iná. Core mẹ́fà ló wà nínú i5-8500, ó dà bí alágbára mẹ́fà tó yí odó ká. Bí iṣu ò bá jáde látinú ìkòkò, kí ni wọ́n fẹ́ gún?

Awo kan ló ń yí nínú hard disk, ti irú kọ̀ǹpútà tìrẹ sábà máa ń yí ní 7,200 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Orí kékeré kan ń rìn lókè awo náà, ó ń wá ibi tí fáìlì wà. Iṣẹ́ ìgbéyàwó kan ṣoṣo, kámẹ́rà méjì, orin, fọ́tò, àti àwọn fáìlì wẹ́wẹ́ tí Premiere ń kó pamọ́: gbogbo rẹ̀ ni orí yẹn ń sáré kiri wá. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kì í ju nǹkan bí 100 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. SSD, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú hard disk, ò ní ohun tó ń yí rárá, tirẹ̀ ń lọ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá. Ní ti fáìlì ńlá, hard disk lè gbé bí 150MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, SSD irú SATA bí 550MB, SSD irú NVMe Gen 3 tó dáa sì lè dé 3,500MB.

Nítorí náà, SSD 512GB ni kó o kọ́kọ́ rà. Fi Windows àti iṣẹ́ tó o ń ṣe lọ́wọ́ sórí rẹ̀, kí hard disk àtijọ́ di àká iṣẹ́ tó ti parí. Bó o bá ti ń tún Windows fi, Windows 11 ni kó o fi, torí ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, Windows 11 sì gba i5-8500 láyè.

RAM ló kàn. Wá RAM 8GB kejì, irú DDR4, kó di ẹyọ méjì: gíráfíìsì inú processor rẹ ń yá nínú RAM yẹn, ọ̀nà méjì sì yá ju ọ̀nà kan lọ. Má ra DDR5, kò ní wọ ihò yẹn. Owó RAM ti lọ sókè gan-an láti ìparí 2025, kì í ṣe ọlọ́jà l'Ádó ló fẹ́ rẹ́ ọ jẹ. Samsung, SK Hynix àti Micron ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú RAM ayé, wọ́n sì ti yí ọwọ́ sí irú tí àwọn ilé ẹ̀rọ AI ńláńlá ń rà. Ní oṣù Kejìlá 2025, Micron kéde pé òun ń fi ọjà Crucial tí àwa ará ìlú ń rà sílẹ̀. Bó o bá rí tòkunbọ̀ 8GB tó dáa, rà á, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi MemTest86, ètò tó ń yẹ RAM wò, dán an wò kó o tó sanwó. Ti SSD, kí wọ́n fi CrystalDiskInfo hàn ọ́ iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́.

Ní ti káàdì: àpótí pẹlẹbẹ tìrẹ tẹ́ẹ́rẹ́, power supply tó ń pín iná nínú rẹ̀ kéré, kì í sì í sábà ní okùn tí káàdì ńlá ń béèrè. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo bá oníbàárà kan ra káàdì láìwọn àpótí rẹ̀. Kò wọlé. Mo dá owó rẹ̀ padà, ó sì dùn mí púpọ̀. Gíráfíìsì inú i5-8500 mọ bí a ṣe ń tú fídíò H.264 àti H.265, rí i pé o tan hardware decoding nínú Premiere, kí gíráfíìsì yẹn lè máa tú fídíò náà. Kó o sì máa ṣe proxy, ìyẹn ẹ̀dà fídíò tó fúyẹ́, kó o fi gé iṣẹ́. Kò gba kọ́bọ̀.

Bó bá jẹ́ CPU ló kan 100% tí ara àpótí sì gbóná, gbọn eruku ọyẹ́ inú fáànù rẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà, ya fọ́tò inú àpótí náà kó o fi ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ rí bóyá ihò M.2, ibi tí SSD NVMe ń wọ̀, wà níbẹ̀, kí n lè sọ bóyá NVMe tàbí SATA ni kó o rà.