Aró Ìyàwó, Ṣòkòtò Funfun Ọkọ: Ìbéèrè Yín Láti Ifẹ̀ àti Iléṣà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ díẹ̀, mo wá ṣa ti àwọn tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ilé pọ̀ jáde, torí ti gáàsì tó wà nínú ẹ̀ yẹn ò ṣeé fi sílẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀, ti aṣọ náà sì ti ń di ọ̀rọ̀ ẹbí.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Lágéré ni mo ń gbé níbí, ní Ilé-Ifẹ̀, a ò tíì pé ọdún kan tá a ṣègbéyàwó. Sátidé tó kọjá mo lọ Ọjà Tuntun, ọkọ mi ní òun fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ó bá kó gbogbo aṣọ tó rí nínú apẹ̀rẹ̀ sínú báàfù kan ṣoṣo, àti àdìrẹ tuntun mi, àti bùbá òun ṣòkòtò funfun tí màmá ẹ̀ rán fún un nígbà ìgbéyàwó. Kí n tó dé, funfun ti di búlúù káàkiri, ó wá ní òun máa tún un ṣe, ó da Hypo sí i láìyọ àdìrẹ kúrò, àdìrẹ mi náà bá di alábàwọ́n. Mo bínú, mo pe màmá mi, òun náà pe màmá ẹ̀ ní Iléṣà. Àwa méjèèjì ti parí tiwa kílẹ̀ tó ṣú o, àmọ́ àwọn ìyá wa ò kíra wọn dáadáa mọ́ lórí fóònù. Ṣé funfun yẹn ṣì lè padà? Àdìrẹ mi ńkọ́? Màmá ọkọ mi ń bọ̀ níparí oṣù, wọ́n máa bèèrè aṣọ yẹn dandan ni. — Ìyàwó Lágéré

Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti aṣọ ná, ti àwọn ìyá ń bọ̀.

Aró èlú kì í yọ́ sómi lásán. Nígbà tí aláró bá ti aṣọ bọ inú ìkòkò, inú òwú ni aró ń wọ̀ lọ, bí wọ́n bá fà á jáde àwọ̀ ewé ló máa kọ́kọ́ ní, atẹ́gùn tó bá fẹ́ sí i ló máa sọ ọ́ di búlúù. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo aró ló ń ráyè wọnú òwú, èyí tí ò ráyè á kàn lẹ̀ mọ́ ojú aṣọ bí eruku, òun ló ń ṣí kúrò nínú báàfù tó ń bá aṣọ ẹlòmíì lọ. Torí náà àdìrẹ tuntun, òun nìkan lẹ ó máa fọ̀ títí omi ẹ̀ á fi mọ́, omi tútù ni, ọṣẹ tí ò le, kẹ́ ẹ sì sá a síbi tí oòrùn ò ti ní pa á. Èyí tí wọ́n fi aró ìgbàlódé ṣe náà ò yàtọ̀, òmíì tiẹ̀ máa ń ṣí ju ti èlú lọ.

Ti funfun yẹn, ẹ má tíì fi áyọ́ọ̀nù kàn án o, torí ooru á jẹ́ kí àbàwọ́n náà wọ aṣọ ṣinṣin. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọṣọ di ọjọ́ kejì, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ wò ó. Bó bá ṣì kù, tó sì jẹ́ kọ́tìnì funfun nìkan, ẹ lè fi Hypo díẹ̀ sínú omi púpọ̀ kẹ́ ẹ tó ki aṣọ bọ̀ ọ́, ẹ má da Hypo sórí aṣọ gan-an, ẹ má fi í sílẹ̀ kọjá bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike ẹ̀, ẹ wá fi omi ṣàn án dáadáa. Tó bá jẹ́ sílíìkì ni, tàbí tí wọ́n fi òwú aláwọ̀ ṣiṣẹ́ sọ́rùn bùbá náà, Hypo ò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá.

Àdìrẹ yín ló wá bá a lọ. Hypo máa ń pa aró èlú ni, kì í ṣe pé ó ń ṣí i, àwọ̀ yẹn ti kú nìyẹn, ọṣẹ kankan ò lè jí i. Aláró lè bá yín rẹ gbogbo ẹ̀ padà, àmọ́ àwọn àmì funfun inú ẹ̀ náà máa wọ aró lọ. Tẹ́ ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí télọ̀ gé ibi tó ṣì dáa, kó fi rán fìlà fún ọ̀gbẹ́ni tó fọ aṣọ, kó máa dé e kiri Ifẹ̀.

Kí n tó gbàgbé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Hypo nílé, ẹ má pò ó mọ́ oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbẹ́ o, ẹ má fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Gáàsì chlorine tó jẹ́ olóró ló máa jáde, òun kan náà làwọn ará Jámánì fi bá àwọn ọ̀tá wọn jà ní Ypres, ìlú kan ní Belgium, lọ́dún 1915 nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ẹ wá ń gbé e wọ balùwẹ̀ tí ò ní fèrèsé.

Ó ku àwọn ìyá. Mi ò ní tàn yín, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pe ilé, kò sì yẹ kẹ́ ẹ pè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú báàfù, omi àti ọṣẹ ló yẹ kó gbọ́ ọ. Àmọ́ ọkọ yín ló ba aṣọ jẹ́, òun náà ni kó pe màmá ẹ̀ kí wọ́n tó wọkọ̀ wá, kó ní "Màmi, ẹ má bínú, èmi ni mo kó aṣọ yẹn pọ̀, ìyàwó mi ò sí nílé." Ẹ̀yin ẹ pe màmá tiyín lọ́jọ́ kan náà, ẹ sọ fún wọn pé ó ti parí, kí wọ́n fóònù ìyá ọkọ yín láti kí wọn lásán, kí wọ́n má dárúkọ aṣọ rárá. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan á ní ìyàwó ló yẹ kó kúnlẹ̀ bẹ ìyá ọkọ, kó sáà lè tán. Kẹ́ ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ìyẹn dáa, àmọ́ kẹ́ ẹ tọrọ àforíjì fún aṣọ tẹ́ ò fọ̀, èmi ò fọwọ́ sí i.

Ọmọ Iléṣà ni mí, ọmọ Ifẹ̀ nìyàwó mi. Mi ò lè ṣe kí n má jẹyán, ìyàwó ò sì kọ̀, àmọ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé, alẹ́ ni mo sì ń tibi iṣẹ́ dé, bá a bá ti ń gún un báyìí ni bàbá tó wà nísàlẹ̀ á máa fi igi gbá síílìnì wọn. Ìyàwó mi ní ká máa ro pòǹdò, ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjẹ̀ṣà wo ló ń jẹ pòǹdò. — Ọmọ Obòkun

Ẹ̀gbọ́n yín yẹn, ṣé òun ló ń bá yín gún un ni? Ẹ wá táyà mọ́tò tó ti gbó, ẹ ká àpò ìrẹsì méjì lé e, ẹ gbé odó kà á, ariwo ẹ̀ á dín kù torí ilẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé e lọ bá bàbá. Ẹ sún odó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ má gbé e sáàárín yàrá. Ẹ jẹ́ kí iṣu jinná dénú kẹ́ ẹ sì gún un ní gbígbóná, iṣu tó bá ti tutù ló ń di kókó tẹ́ ẹ ó fi máa lù ú títí ilẹ̀ á fi ṣú pátápátá. Lásìkò iṣu tuntun, ẹ bèèrè iṣu tó ti pẹ́ nílẹ̀ lọ́wọ́ ìyá oníṣu ní ọjà Atákúnmọ́sà, tuntun lómi nínú jù, iyán ẹ̀ kì í fà. Ẹ̀yin ọkọ lẹ ó sì máa gún un o, ẹ̀yin lẹ ò lè ṣe kẹ́ ẹ má jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ ro pòǹdò, ẹ má sọ fún ẹ̀gbọ́n.

Mà, iná lọ nígbà tí mò ń lọ aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé áyọ́ọ̀nù síbẹ̀ mo bá sùn lọ sórí àga ní pálọ̀. Òru ni NẸ́PÀ múná dé, mátírẹ́ẹ̀sì tuntun wa ti jó lójú kan kí ọkọ mi tó gbóòórùn. Ta ló máa ra òmíì nínú àwa méjèèjì? — Ó Ń Sun Mí

Ẹni tó gbé áyọ́ọ̀nù síbẹ̀ ni. Iná bá ti lọ báyìí, wáyà lẹ ó kọ́kọ́ yọ lára ògiri kẹ́ ẹ tó sọ "háà".

Ẹ kú iṣẹ́ ò. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti fúnra ẹ̀ pààrọ̀ orí sílíńdà gáàsì wa, mo máa ń gbóòórùn gáàsì bí mo bá jí láàárọ̀. Ó ní imú mi ló ń yọ mí lẹ́nu, kí n tan fáànù sí i. Èyí tó jẹ́ 12.5 kg ni, abẹ́ tábìlì ló wà ní kíṣìnì. Ṣé àṣejù ni mò ń ṣe? — Ìyàwó Iléṣà

Ẹ ò ṣàṣejù rárá. Ẹ má tan fáànù yẹn.

Gáàsì ìdáná fúnra ẹ̀ ò ní òórùn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń fi nǹkan olóòórùn sí i kéèyàn lè mọ̀ bó bá ń jò ni, imú yín ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Ó wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló máa ń gbà, á kó jọ sábẹ́ tábìlì yẹn, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá. Ẹ ń gbọ́ ọ láàárọ̀ torí látàná nilé ti wà ní títì pa. Bẹ́ ẹ bá tún gbọ́ ọ, ẹ má tan gílóòbù, èyí tó sì ti wà ní títàn ẹ má pa á, torí swíìṣì máa ń ta iná pààrà yálà ẹ tàn án tàbí ẹ pa á. Ẹ ti ẹnu sílíńdà pa, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ jáde, ìta ni kẹ́ ẹ ti pe ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́ pè.

Tílé bá ti fẹ́ dáadáa, ẹ gbé sílíńdà síta, ẹ ho ọṣẹ ìfọṣọ kó fóófòó, ẹ fi kànrìnkàn pa á yí ẹnu sílíńdà, orí tó pààrọ̀ yẹn àti ìdí rọ́bà ẹ̀, ẹ wá ṣí gáàsì díẹ̀ láìsí iná kankan nítòsí. Ibi tí ìfóófòó bá ti ń wú, ibẹ̀ ló ti ń jò. Lọ́pọ̀ ìgbà rọ́bà róbótó kékeré tó wà lẹ́nu ẹ̀ ló gbó tàbí tó já bọ́. Ẹ má ṣáná sí i láti fi wò ó o, àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kó wá tún un dè, ìta kíṣìnì ni kí sílíńdà sì máa wà, ní òró, ẹ má dà á dùbúlẹ̀. Tí ọkọ yín bá fajú ro, ẹ ka èyí sí i létí, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ti sílíńdà pa ná.