Èwo ló máa kọ́kọ́ balẹ̀? Bí a ṣe lè kọ́ ọmọ nípa òòfà ilẹ̀, máàsì àti ìwúwo

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 13 sí 14 ní físíìsì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín máàsì àti ìwúwo fún wọn, wọ́n sì kọ ìtumọ̀ méjèèjì sínú ìwé láìṣì í kọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe bi wọ́n pé tí òkúta ńlá àti òkúta kékeré bá jábọ́ pọ̀, èwo ló máa kọ́kọ́ balẹ̀, ńṣe ni gbogbo kíláàsì pariwo pé ńlá ni. Mo wá mú òkúta kan àti abala bébà kan, mo ní kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Òkúta ti balẹ̀ tipẹ́ kí bébà tó fẹ́ lẹ́lẹ́ dé ilẹ̀, ni wọ́n bá ní, "Ẹ ò rí i, sà?" Ọmọ kan tún béèrè pé tí òòfà ilẹ̀ bá lágbára tó báyìí, kí ló dé tí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ gbalasa òfurufú ń léfòó? A ò ní yàrá ìdánwò, a ò sì ní irinṣẹ́ kankan. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, ẹlẹgbẹ́ mi. Ọdún mélòó kan ni èmi náà fi ń kọ ìtumọ̀ sójú pátákó, tí àwọn ọmọ ń kà á tẹ̀ lé mi bí ayékòótọ́, tí wọ́n á sì jáde síta lọ máa sọ pé ohun tó wúwo ló ń yára jábọ́. Ohun tí mo wá rí ni pé ìtumọ̀ kọ́ ló ń dà wọ́n láàmú. Ọwọ́ wọn ni. Tí ọmọ bá gbé òkúta ńlá dání, ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n lára pé ilẹ̀ ń fa òkúta yẹn ju kékeré lọ, òótọ́ pọ́ńbélé sì ni. Ó wá rò ó pé èyí tí ilẹ̀ ń fà jù ló yẹ kó kọ́kọ́ dé ilẹ̀. Ìrònú gidi nìyẹn, ẹ má fi bú u. Aristotle, àgbà ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gíríìsì, rò bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n ayé sì tẹ̀ lé e fún ohun tó lé ní 1,500 ọdún.

Bébà yẹn ló kó bá yín. Ẹ fi í sílẹ̀ ná, a ṣì ń padà bọ̀ wá bá a.

Ìgò oníke méjì tó jẹ́ ọgbọọgba ni kí ẹ wá, irú èyí tó ń gba ìdajì lítà omi. Ẹ bu omi kún ọ̀kan, ẹ bu omi dé àárín èkejì, kí ẹ sì dé wọn pa. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé méjèèjì wò, kí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́rìí sí i pé ìkan wúwo ju ìkejì lọ. Lẹ́yìn náà, kí kálukú kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé kí ìgò tó kúrò lọ́wọ́ yín: kíkún ni, àbọ̀ ni, àbí wọ́n á jọ balẹ̀? Ẹ má ṣe fo kíkọ yìí. Ọmọ tí kò bá kọ nǹkan kan sílẹ̀, tó bá rí èsì tán, á ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì ní kọ́ ohunkóhun. Èyí tó bá kọ "kíkún" ni ọkàn rẹ̀ máa fò sókè.

Ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀ kí ìgò má baà fọ́. Ẹ gun àga tó dúró dáadáa, ẹ na ọwọ́ méjèèjì jáde, kí ìdí ìgò méjèèjì wà ní ipele kan náà, bíi mítà méjì sí ilẹ̀. Ẹ wá ní kí gbogbo kíláàsì di ojú. Etí ni kó ṣe ẹlẹ́rìí, torí pé láti mítà méjì, ìgò ò ní lò ju nǹkan bí 0.64 ìṣẹ́jú àáyá lọ kó tó balẹ̀, ojú ò sì lè bá a dọ́gba. Ẹ má jù wọ́n o, ẹ kàn ṣí ọwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ni. Gbì kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbọ́. Tí wọ́n bá gbọ́ gbì-gbì, ọwọ́ kan ló ṣáájú èkejì. Ẹ pààrọ̀ ọwọ́, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ ṣe é tó ẹ̀ẹ̀márùn-ún, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn ṣe é.

Ẹ lè wá sọ fún wọn pé etí ni Simon Stevin, onímọ̀ ìṣirò ará Netherlands, náà lò. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1586, ó ròyìn bí òun àti ọ̀rẹ́ òun ṣe jẹ́ kí bọ́ọ̀lù òjé méjì jábọ́ sórí pákó láti ibi tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 30. Ọ̀kan wúwo ju èkejì lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, síbẹ̀ ńṣe ni ìró méjèèjì dún bí ìró ẹyọ kan.

Ìgbà tí gbì yẹn bá ti dún ni kí ẹ tó mú ọ̀rọ̀ máàsì àti ìwúwo jáde, torí ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n máa nílò rẹ̀. Ìṣòro tiwa nínú èdè Yorùbá ni pé "wúwo" la ń lò fún méjèèjì. Ohun tó ṣòro láti gbé, a ní ó wúwo. Ohun tó ṣòro láti tì, a tún ní ó wúwo. Bẹ́ẹ̀, ọ̀tọ̀ ni gbígbé, ọ̀tọ̀ ni títì. Ẹ fi okùn gígùn so báàgì méjì rọ̀ mọ́ ibi gíga, kí ọ̀kan kún fún ìwé, kí èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ẹ ní kí ọmọ kan fi ìka kan ti báàgì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀. Okùn ló ń gbé ẹrù yẹn, ọmọ náà ò gbé nǹkan kan. Síbẹ̀ báàgì tó kún á ṣe agídí: kò ní fẹ́ kúrò lójú kan, tó bá sì ti ń lọ tán, kò ní fẹ́ dúró. Agídí yẹn ni máàsì. Iye èròjà tó wà nínú nǹkan ló ń fà á, kílógíráàmù la fi ń wọ̀n ọ́n, ibi yòówù kí ẹ gbé báàgì náà lọ, kò ní yí padà. Ìwúwo ní tiẹ̀ ni ipá tí ilẹ̀ fi ń fa báàgì náà, èyí tí okùn ń bá a fà. Ipá ni, Newton la fi ń wọ̀n ọ́n, ó sì sinmi lórí ibi tí báàgì wà.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ "òòfà" náà. Òun kan náà la fi ń pe irin tó ń fa abẹ́rẹ́, ọmọ mìíràn á sì máa rò ó pé irin ńlá kan ló wà nínú ilẹ̀ tó ń fa nǹkan. Ẹ bi í bóyá ike àti omi ń lẹ̀ mọ́ irin òòfà. Òòfà ilẹ̀ ò yan ohun tó ń fà. Gbogbo ohun tó bá ti ní máàsì ló ń fà, àwọn nǹkan náà sì ń fa ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tàwọn kéékèèké kéré débi pé a ò lè mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ wá padà sí ìgò méjèèjì. Omi inú ìgò kíkún tó nǹkan bí ìdajì kílò, ilẹ̀ sì ń fi nǹkan bíi 4.9 Newton fà á. Ti ìgò àbọ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin kílò, ilẹ̀ ń fi nǹkan bíi 2.45 Newton fà á. Òótọ́ ni ohun tí ọwọ́ àwọn ọmọ sọ: ipá tó wà lára kíkún jẹ́ ìlọ́po méjì. Ohun tí ọwọ́ ò sọ fún wọn ni pé agídí kíkún náà jẹ́ ìlọ́po méjì. A fà á ní ìlọ́po méjì, ó ṣe agídí ní ìlọ́po méjì, eré wọn wá dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn fi 0.5 pín 4.9, kí wọ́n sì fi 0.25 pín 2.45. 9.8 ni wọ́n máa rí nínú méjèèjì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan tí nǹkan bá fi ń jábọ́, eré rẹ̀ ń fi 9.8 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lé sí i. Ó ń yí padà díẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn láyé, ó tó 9.78 ní agbedeméjì ayé, ó sì tó 9.83 ní ìpẹ̀kun àríwá àti gúúsù. Lórí òṣùpá, 1.6 péré ni. Ìgò kíkún tí ẹ bá gbé débẹ̀ á fúyẹ́ lọ́wọ́, kò ní ju 0.8 Newton lọ, ṣùgbọ́n ìdajì kílò ṣì ni, agídí rẹ̀ ò sì dín.

Bí ọmọ kan bá ṣì ń jiyàn, àlàyé Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, ni mo fẹ́ràn jù lọ, torí kò gba irinṣẹ́ kankan. Ká ní òkúta ńlá ń yára ju kékeré lọ lóòótọ́. Ẹ wá fi okùn so wọ́n pọ̀, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n jábọ́. Kékeré tó ń lọ́ra yẹ kó fa ńlá sẹ́yìn, kí wọ́n máa falẹ̀ ju ńlá nìkan lọ. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì tí a so pọ̀ wúwo ju ńlá nìkan lọ, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n yára jù ú. Wọn ò lè yára jù ú kí wọ́n tún falẹ̀ jù ú. Ẹ dákẹ́ níbẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n rò ó.

Ó kù síbi bébà. Ẹ mú abala méjì tó bára dọ́gba, ẹ rún ọ̀kan mọ́lẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n jábọ́ pọ̀. Ìwúwo ò yí padà, síbẹ̀ èyí tí ẹ rún ló ṣáájú. Afẹ́fẹ́ ló ń di èyí tó tẹ́ lọ́wọ́. Àwọn kan máa ń gbé bébà lé orí ìwé ńlá, tí méjèèjì á sì jọ balẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ọmọ tó gbọ́n á sọ pé ìwé ló ń fa bébà dání, nítorí náà ẹ fi í ṣe ẹ̀yìn. Ẹ má sì purọ́ fún wọn pé gbogbo nǹkan ló máa ń jọ balẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ wà, tó bá jẹ́ láti òkè ilé gíga, bọ́ọ̀lù ike tó ṣófo á gbẹ́yìn bọ́ọ̀lù irin tí wọ́n jọ tóbi dọ́gba, torí ìdènà afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ borí ìwúwo kékeré tó ní. Ibi tí kò sí afẹ́fẹ́ la ti ń rí òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí kedere. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1971, David Scott, ará Amẹ́ríkà tó wà nínú Apollo 15, ìrìn àjò kan lọ sí òṣùpá, dúró lórí òṣùpá, ó di òòlù tó tó 1.32 kílò mú lọ́wọ́ kan, ó di ìyẹ́ àṣá mú lọ́wọ́ kejì, ó sì ṣí ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n jọ balẹ̀. Fídíò rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìṣẹ́jú kan ò tó ó wò.

Tí àyè bá wà, ẹ tún fi okùn kan ṣe eléyìí. Ẹ so nọ́ọ̀tì irin márùn-ún mọ́ ọn: àkọ́kọ́ ní ìdí okùn, ìyókù ní sẹ̀ǹtímítà 10, 40, 90 àti 160 sí àkọ́kọ́. Ẹ di orí okùn mú lókè tíréè páànù, kí nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tíréè, kí ẹ wá jẹ́ kó bọ́. Àlàfo àárín àwọn nọ́ọ̀tì ń fẹ̀ sí i, 10, 30, 50, 70, síbẹ̀ kó-kó-kó-kó ni wọ́n máa dún, ìró kọ̀ọ̀kan jìnnà síra dọ́gba. Ẹ fi okùn kejì tí àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ fi 40 sẹ̀ǹtímítà jìnnà síra wé e: ìró tirẹ̀ á máa yára sí i. Ọmọ á fi etí gbọ́ pé ohun tó ń jábọ́ ń sáré sí i bó ṣe ń lọ.

Ní ti àwọn tó ń léfòó: òòfà ilẹ̀ ò tán lọ́dọ̀ wọn rárá. Ibùdó gbalasa òfurufú tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ń lò wà ní nǹkan bí 400 kìlómítà sókè, òòfà ibẹ̀ sì ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 90 nínú 100 ti ilẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń jábọ́. Ibùdó náà ń sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ ní nǹkan bíi 7.7 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà bó ṣe ń já bọ̀ ni ilẹ̀ tó rí roboto ń tẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀. Òun àti àwọn tó wà nínú rẹ̀ jọ ń jábọ́ pọ̀ ni, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ ibùdó ò fi ti ẹsẹ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí èyí náà. Ẹ lu ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ìgò oníke nísàlẹ̀, ẹ fi ìka dí i, ẹ bu omi kún un, kí ẹ má dé e. Tí ẹ bá mú ìka kúrò, omi á máa tú jáde tìrì. Ẹ jẹ́ kí ìgò náà jábọ́ láti orí àga: níwọ̀n ìgbà tó bá fi wà lójú òfurufú, omi ò ní tú. Ìgò àti omi jọ ń lọ, kò sí èyí tó ń ti èkejì. Ẹ wá béèrè èyí tó le jù lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó ṣe é: tí ẹ bá ju ìgò náà sókè, ṣé omi á tú nígbà tó bá ń gòkè lọ? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Gbàgede ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ má sì jẹ́ kó yí bírí lójú òfurufú. Láti ìgbà tó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, àti lílọ àti bíbọ̀, omi ò ní tú.